Alárinà Tó Wọ Ṣòkòtò Rọ́bà

Ọmọ mi obìnrin ló kó mi sí i. Ó wá bá mi ní pálọ̀ mi ní Peckham ní Sátidé kan, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ó ní bàbá ọ̀rẹ́kùnrin òun ń pè mí kí a jọ lọ pẹja sámọ́nì ní Sikọ́tílándì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ dé kó tó di ti ẹja. Ó ti pẹ́ tí ọmọ mi àti òyìnbó yìí ti ń fẹ́ra wọn, ọmọkùnrin náà kò sì burú, àfi pé ó ń dúró ṣánṣán kí mi ní "hi". Mo ti sọ ọ́ nílé, mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń gẹ irun mi ní Rye Lane, pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ọmọ mi láìjẹ́ pé ìdílé rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, nínú ilé mi, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Bí wọn kò bá wá, kò sí ìgbéyàwó. Ìyá ọmọ mi ti kú, èmi nìkan ni òbí tó kù tí wọ́n lè tọrọ ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fò mí dá.

Ìdílé ọkọ ló sì ń wá sílé ìyàwó. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó pé kó wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá àwọn nínú igbó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà lọ," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn. It's a big thing for him. Ẹ má bínú tẹ́ ẹ bá débẹ̀, please."

Mo lọ. Mo rò ó pé ojú ló ń ti ọkùnrin náà láti dọ̀bálẹ̀ láàárín Peckham, ó fẹ́ ṣe é ní kọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ di fìlà mi sínú báàgì, kí wọ́n má bàa tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi ní orí lásán.

Ibi tí wọ́n ń pè ní lodge yìí, ilé olókùúta kan ni lẹ́yìn òkè, bọ́ọ̀sì kò dé ibẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì fóònù kò dé ibẹ̀. Àwọn olówó ń sanwó gọbọi kí wọ́n lè gbé bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Wọ́n gbé orí àgbọ̀nrín kọ́ ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí a ti ń jẹun, gbogbo wọn ló ń wo àwo mi. Kò sì sí ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀, ọ̀dùnkún bíbọ̀ ni, láìní ata.

Bàbá ọmọkùnrin náà ga bí òpó iná, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já a, ó wá ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ẹni tí mi ò tíì gbà ní àna ni mo máa wá pe lórúkọ bí ẹni pé a jọ ta ayò dàgbà. Mo ń pè é ní "sir". Nígbà tó yá, òun náà ń pè mí ní "sir". A jẹun tán, ó sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa odò, nípa sámọ́nì tó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́dún kan, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Kò dárúkọ ọmọ mi rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún wa ní afinimọ̀nà kan, ọmọ ibẹ̀, onírùngbọ̀n pupa. Ó fún mi ní ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, ó kó ìwọ̀ jáde nínú àpótí, wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú aláràbarà wé wọn, wọ́n ń pè é ní eṣinṣin. Yẹtí tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń rà ní Rye Lane ló jọ lójú mi. Mo bi í bóyá ẹja ń jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, pé sámọ́nì tó bá ti kúrò nínú òkun tó wọ odò wá yé ẹyin kì í jẹun mọ́. Kì í ṣe ebi ló ń mú un gbé ìwọ̀ hán, inú ló ń bí i.

Ẹ gbọ́ mi ná. Àwọn èèyàn tó ti jẹun yó ló ń lọ dúró nínú omi dídì láti múnú bí ẹja tí ebi kò pa. Bí wọ́n bá sì mú un tán, wọ́n á gbé e dání ya fọ́tò, wọ́n á dá a padà. Orí sámọ́nì wà lórí yìnyín ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja lẹ́bàá ilé mi ní Peckham, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi se ọbẹ̀ ata, ọ̀kankan nínú wọn kò bínú sí mi rí.

Afinimọ̀nà mú mi lọ sínú odò, ó fi mí síbì kan, ó fi àna mi sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní ká má pariwo. Mo ń ju okùn, okùn ń kọ́ igi lẹ́yìn mi. Kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ń jẹ mí létí. Mo ń retí kí ọkùnrin náà la ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín sí omi.

Ìgbà náà ló sọ sí mi lọ́kàn pé èmi ni mo ṣì í. Bàbá ìyàwó àti bàbá ọkọ kì í bá ara wọn sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ní tààrà, alárinà ló ń gbé e. Mo wo òkè odò, mo wo ìsàlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwa méjèèjì. Mo pe onírùngbọ̀n pupa. Mo ní kó bá mi sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé bí wọ́n bá rí òdòdó kan nínú ọgbà mi tó wù wọ́n, kí wọ́n sọ ọ́ síta.

Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn pa, níbi tí kò sí oòrùn. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó sì padà dé. Ó ní wọ́n ní òdòdó wo, pé àwọn ní róòsì tó pọ̀ nílé.

Mo ní kò burú, kó lọ bi í gbangba pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi. Onírùngbọ̀n ní irú eléyìí kò sí nínú iṣẹ́ òun. Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀ ná, kó parí ẹ̀. Ó tún lọ. Mo rí i tí àna mi gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí alárinà mi ń padà bọ̀, kò wo ojú mi.

"Ó ní òun rò pé ẹ ti mọ̀ ni, sir," ó ní. "Wọ́n ti ṣègbéyàwó ní registry, lóṣù tó kọjá. Ọmọ yín ṣèlérí pé òun á sọ fún yín kí ẹ tó wá. Ọ̀gbẹ́ni náà ní torí àtibá yín yọ̀ lòun ṣe pè yín síbí."

Inú bí mi débi pé etí mi ń ho. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Peckham ló mọ ohun tí mo máa ń ṣe bí inú bá bí mi: mo máa ń dìde, mo máa ń jáde, mo máa ń pa ilẹ̀kùn dé gbà. Mo ti ṣe é ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ṣe é ní ọ́fíìsì council. Mo yí padà láti lọ. Odò kò gbà. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan ni omi ń wọ́ èkejì lọ, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, ṣòkòtò rọ́bà wúwo, mi ò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Àna mi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń bẹ̀ mí, ó na apá. Mi ò dì í mú. Omi tún fà mí, mo dì í mú. La bá ń rìn lọ sí etí odò díẹ̀díẹ̀, apá nínú apá, bí ẹni tí wọ́n ń sìn lọ síwájú pẹpẹ.

"Ta ló mú ọmọ mi wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó mú un wọlé," ó ní. "Mo ní kí n mú un, ó ní rárá. Ó ní àyè yẹn ní ẹni tó ni ín. Òun nìkan ló dá rìn wọlé."

Kò sí ìwọ̀sí tí mo lè rántí tó dùn mí báyẹn, n kò sì mọ ẹni tó fi lọ̀ mí, ọmọ mi ni tàbí èmi fúnra mi. A dé etí odò. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo lè bínú lọ wàyí, kò sẹ́ni tó dì mí mú. Mi ò rí ibi tí mo fẹ́ lọ.