Ìrù Ọkọ̀ Ìyá Wa Lórí Irin Rélùwéè

Òórùn ọparun tútù ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti mọ́. Kí n tó lajú, yóò ti gba ojú fèrèsé wọlé, òun àti òórùn bẹntiróòlù àti ti okùn tí ìrì sẹ̀ sí lára mọ́jú. Ara ògiri ilé wa ní Ọ̀fà ni ìyá wa máa ń fi ọparun tì sí. Gígùn wọn a yọ ju òrùlé lọ, àwọn adìyẹ wa a sì máa jẹ̀ lábẹ́ wọn. Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ń wúkọ́ lágbàlá, mo ti mọ̀ pé mo bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ gbígbá nìyẹn, a ti ń lọ sí Ìlémọnà.

Ọparun, igi àjà àti àkàsọ̀ ni ìyá wa ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó wọn. Ẹ má bi mí nípa bàbá wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ó mọ̀wé, ó mọ Kùránì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, igi ẹ̀bá ọ̀nà lẹ gbé e fún. Ọ̀kadà ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń wà á kiri ìlú, yóò kàn rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹni tí wọ́n gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi."

Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà kúrú, ọparun sì gùn. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni orí ọparun máa ń wọ́ títì bọ̀ láti Ìlémọnà. Kí a tó délé, á ti ya yánnayànna bí ìgbálẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé a sì ní àwọn ò rà. Ni wẹ́dà kan ládùúgbò wa bá jó irin kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Irin yìí nà sẹ́yìn bí apá, wọ́n sì jó irin ìdábùú kan mọ́ ọn lórí, èyí tí ẹrù gígùn lè sùn lé. Tí kò bá sí ẹrù, èèyàn lè ká a sókè kó dúró lóòró. Ìrù ni a sọ ọ́ ní ilé wa. Ìyá wa so aṣọ pupa mọ́ ọn, ó sì di pé kò sí ohun gígùn tí kò lè gbé mọ́: àkàsọ̀ mọ́sáláásí, páìpù omi, òpó. Ó tilẹ̀ gbé ọkọ̀ ojú omi kan rí fún apẹja tó ń lọ sí etí Odò Ọya. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sáré tẹ̀lé wa. Ibo lomi wà ní Ọ̀fà tí ọkọ̀ yóò fi léfòó? Bàbá àgbà kan tilẹ̀ dá wa dúró, ó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá wa bóyá wọ́n ti kéde òjò kan tí òun kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó gùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé yí bìrí. Bí orí ọkọ̀ bá yà sọ́tùn-ún, Ìrù a gbá òsì. "Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi," ni ìyá wa máa ń wí fún ara rẹ̀ ní gbogbo kọ́nà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan, Ìrù gbá àtẹ Ìyá Àfúsá dànù, ìyẹn obìnrin kan tó ń ta ọ̀dùnkún lẹ́bàá ojú irin. Ọ̀dùnkún yí lọ sínú gọ́tà. Ìyá wa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bá a ṣà á, ó bá a fọ̀ ọ́, pàbó ló já sí. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti ń kọjá, Ìyá Àfúsá a kọjú sí ògiri, a kọ ìdí sí wa.

Ẹ óò rántí bí ojú irin ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Rélùwéè kì í fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, àwa ọmọ ìlú rélùwéè sì ti gbàgbé rẹ̀. Orí irin ni àwọn obìnrin ń sá gbàgùúdá sí. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ń sùn, ibẹ̀ ni a ń gbà lọ sílé ìwé, tí a ó máa fo láti orí pákó kan bọ́ sórí èkejì. Tí ẹ bá rí ẹni tó wo ọ̀tún, tó wo òsì kó tó kọjá, àlejò ni.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, oòrùn mú ganrínganrín. À ń bọ̀ láti Ìlémọnà, ọparun kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Èmi àti Wàsíù àbúrò mi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Ọkọ̀ náà ti darúgbó. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tiwa kì í ṣí, bíréèkì ọwọ́ ti kú tipẹ́, bí ẹ́ńjìnnì bá sì gbóná, òun náà a kú títí ara rẹ̀ yóò fi tutù. Tí a bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ níbi tó dagun, òkúta ńlá kan ni a fi ń dí táyà. Òkúta náà wà lẹ́yìn, lábẹ́ ọparun.

A gun ojú irin. Lẹ́yìn ojú irin, ọ̀nà gòkè díẹ̀ kó tó dé ọjà. Orí ọkọ̀ kọjá, táyà ẹ̀yìn kọjá, ni lọ́rì oníṣu kan tó wà níwájú wa bá dúró gbagidi. Ìyá wa tẹ bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Bọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀lé wa ti sún mọ́ etí ojú irin lọ́hùn-ún, àwọn ọlọ́kadà sì ti dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Kò kọ́kọ́ jọ wá lójú, torí pé àwa tí a jókòó síwájú ti kọjá. Ìrù ni kò tíì kọjá. Òun àti ọparun tó sùn lé e nà gbọọrọ sórí irin.

Ibẹ̀ la wà tí fèrè dún. Mo rò pé ti lọ́rì ni. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń kó gbàgùúdá wọn kúrò lórí irin, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ̀rọ̀. Kí obìnrin Ọ̀fà máa kó ọjà láìsọ̀rọ̀! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ti rélùwéè ni.

"Ṣíkírá, fa àbúrò rẹ lọ́wọ́," ni ìyá wa wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ gba orí itan mi kọjá."

Ó fi ọwọ́ òsì ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ṣí gbayawu, ṣùgbọ́n kò bọ́ sílẹ̀ kí a lè ráyè. Orí itan rẹ̀ ni a rá gbà. Itan náà le bí igi. Bí ẹsẹ̀ wa ṣe kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ dúró lẹ́bàá ògiri ọ̀hún yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ padà wá síbí." A lọ. Mo yíjú padà, mò ń retí pé kó máa bọ̀ lẹ́yìn wa. Kò bọ̀.

"Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Mo pariwo títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Kò tilẹ̀ wò mí. Ojú rẹ̀ wà nínú díńgí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di sítíárì mú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń ké sí. "Ẹ tú okùn! Ẹ fa ọparun yẹn kúrò! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn, ẹ fà á!"

Fèrè tún dún, ó ti sún mọ́. Ilẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, àwọn kan sá, àwọn kan ń gbìmọ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà síwájú, ẹnìkejì bi í bóyá abẹ́ lọ́rì oníṣu ló fẹ́ tì í sí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ẹni tó bá rélùwéè jà tó dá a.

Ìyá Àfúsá ló dé, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń bẹ ọ̀dùnkún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹsẹ̀ lé táyà, ó rẹ́ okùn, ó já sílẹ̀ sórí irin, ó sì di ọparun kan mú lórí. "Kí lẹ ń wò?" ló fi jágbe mọ́ àwọn ọkùnrin. "Ṣé ojú lẹ fẹ́ fi fà á ni?" Àwọn obìnrin bíi mélòó kan sáré wá, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì náà tẹ̀lé wọn. Orí irin gan-an ni wọ́n dúró sí, lẹ́yìn ọkọ̀ wa, tí wọ́n ń fa ọparun yọ, tí wọ́n ń wọ́ ọ jù sínú koríko. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni ọkọ̀ ń mì. Mo rí i tó yọ́ sẹ́yìn díẹ̀, tó tún dúró.

"Ìyá Ṣíkírá, dì í mú o!" ni Ìyá Àfúsá ké.

"Mo ti dì í mú, mà! Ẹ ṣáà máa fà á!"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. N kò mọ ohun tí wọ́n ní kó dì mú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, tí ìyá mi kò sì jáde. Wàsíù ń sunkún sí mi láṣọ. Orí rélùwéè yọ ní kọ́nà, dúdú, ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, irin ń han lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń tẹ bíréèkì tí kò lè dúró. Wọ́n fa ọparun tó gbẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì gbá Ìrù mú, ó ká a sókè, gbogbo wọn sì fò sínú koríko. Mo dijú.

Ó kọjá, ó ń kọjá, kò tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lajú, eruku ti bo gbogbo ibẹ̀, ọkọ̀ ìyá wa sì wà níbi tó wà, ìyá wa wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí ẹnìkan fi ru òkúta wá dí táyà. Ìgbà yẹn ló tó sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Ìyá Àfúsá wá jókòó tì í, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ìyá wa nawọ́ sí mi. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣíkírá, wá bu omi fún mi." Mo bu omi náà wá. Ìyá Àfúsá ni mo gbé e fún.

Inú bí mi, inú bí mi gidi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ọmọ kíláàsì wa ló ń pa ìtàn obìnrin tó jókòó de rélùwéè, wọ́n ń wò mí bí ọmọ akọni. Mo lu ọmọ kan tó ń yìn ín. Lójú mi, obìnrin tó rí ikú tó ń bọ̀, tó ní àwọn ọmọ méjì lẹ́bàá ògiri tí wọ́n ń ké pè é, tó wá jókòó ti ọparun, irú ìyá wo nìyẹn? N kò sọ ọ́ síta. Mo gbé e sínú dàgbà, a sì jọ ń jẹ, a jọ ń mu.

Ìlọrin ni mo ń gbé báyìí. Ní Iléyá tó kọjá, mo wa ọkọ̀ kó àwọn ọmọ mi wá sílé. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dá wa dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn ojú irin. Mo tẹ bíréèkì. Mo wo díńgí, mo rí ìyá arúgbó kan tó rọra ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kọjá pẹ̀lú igbá lórí. Ara mi bù máṣọ. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ yìí, mo ti pa á. Mo ń tẹ bíréèkì náà títí iṣan itan mi fi le, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ ohun tí ìyá mi dì mú lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọparun ló ń wò nínú díńgí.

Mo bi í nírọ̀lẹ́, nígbà tó ń gé ẹran. "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ rélùwéè yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ni, ọmọ mi. Mo gbàgbé ibi tí ilẹ̀kùn wà." Ó wá béèrè bóyá àwọn ọmọ ti jẹun. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èmi gbà jáde.

Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ. Ọmọ tó ń pariwo lẹ́bàá ògiri fẹ́ kí ìyá rẹ̀ fò sílẹ̀, kó sáré wá di òun mọ́ra. Èmi tí mo jẹ́ ìyá báyìí, mo mọ ara mi. Ǹ bá fò sílẹ̀. Ǹ bá sáré lọ di àwọn ọmọ mi mọ́ra, ọkọ̀ ìbá sì yí lọ bá Ìyá Àfúsá àti àwọn tó ń bá a fa ọparun lórí irin. Inú àwọn ọmọ mi ìbá sì dùn sí mi.