Àlọ Láìsí Àbọ̀

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú síta láti sá, òórùn tó kan díẹ̀ tó sì tún dùn díẹ̀ yẹn, físíìsì ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí ní Aládé, ní Ìdànrè, ni yàrá méjì tí wọ́n fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ wa wà, níbi tí a ti ń ka ìwé ọdún kan tó lè mú èèyàn bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì. Àwa márùn-ún là ń ṣe físíìsì. Ní àárín ọdún, tíṣà wa rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó dágbére fún wa lórí fóònù, ó ní ká máa gbàdúrà. Àdúrà kò wọ́n wa rárá. Ìyá mi tó jẹ́ aláàdúrà ti gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Tíṣà ni kò sí.

Bí èmi ṣe di tíṣà nìyẹn. Mo ní ìwé kan tí ẹ̀gbọ́n mi lò kù, mo sì ní ẹnu. Wọ́n sọ mí ní Pírọ́ọ̀fù, orí mi wú. Nígbà tí ó kan iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń pè ní pírátíkà, a so òkúta mọ́ òwú, a gbé e kọ́ igi àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, a tì í kó máa fì, a sì fi fóònù ka àkókò. Ìwé ní ká ka ogún fífì tó pé. Mo ní bó bá ti kúrò níbí tó dé ọ̀hún, ó pé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣírò agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra, níbi tí ìwé ti ń rí nǹkan bíi mẹ́wàá, ogójì kù díẹ̀ ni tiwa.

Ọmọ Alhaja tó ń ta aṣọ nílùú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló mọ ìṣirò jù nínú wa, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Pírọ́ọ̀fù, mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbí o. Àbí a ṣì í kà ni?"

Mo nawọ́ sí ìta. "Ṣé o ò rí gbogbo òkè tó yí wa ká yìí ni? Ibi tí kò sí òkúta ni wọ́n ti kọ ìwé yẹn. Tiwa gbọ́dọ̀ ju tiwọn lọ."

Gbogbo wọn hó yèè. Ta ló ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí tí orúnkún rẹ̀ kò sọ fún un pé ilẹ̀ ń fa èèyàn níbẹ̀? Ọmọ Alhaja náà rẹ́rìn-ín, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó kọ ogójì sínú ìwé rẹ̀. Mo rántí dáadáa pé ó fi rúlà fàlà sí abẹ́ rẹ̀.

Àkúrẹ́ la ti ṣe ìdánwò. Wọ́n fún oníkálukú ní òwú, bọ́ọ̀lù irin kékeré àti aago. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa kìlọ̀ pé, "Ẹni tó bá la ẹnu, kó kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ." Mo ka tèmi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà, ogójì tún jáde. Mo ní Àkúrẹ́ náà ṣáà ní òkè. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè, tí mo rí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará ibòmíràn, tí ètè rẹ̀ ń mì. Kì í ka ọ̀kan àfi tí bọ́ọ̀lù náà bá lọ tó sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àlọ pẹ̀lú àbọ̀ ni fífì kan! Ìdajì àkókò ni mo ń kọ sílẹ̀ látọjọ́ yìí wá. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mo ṣírò rẹ̀, ó di mẹ́wàá. Mo fagi lé gbogbo ti tẹ́lẹ̀, mo ń kọ tuntun.

Ìgbà náà ni mo rántí àwọn mẹ́rin tó kù. Ọmọ Alhaja wà níwájú mi lápá òsì. Orí rẹ̀ ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà: ó lọ, ó ka ọ̀kan, ó bọ̀, ó ka èjì. Bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ni. Mo wúkọ́. Ó yíjú díẹ̀, ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó na ìka mẹ́rin sí mi lábẹ́ tábìlì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ogójì ti jáde.

Mo fẹ́ mi orí fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa sì wà lára mi, ìdánwò yìí náà ni ìyá mi torí rẹ̀ gbààwẹ̀. Mo tẹrí ba sórí ìwé mi. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, ọmọ Alhaja ti ń fi rúlà fàlà.

Mo wọ yunifásítì. Òun kò wọlé, pọ́ìntì kan péré ló kù kó pé. Alhaja ní ọdún tí wọ́n fi ṣòfò tó, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni mo ti bá a lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, nígbà tí mo lọ ra aṣọ fún ìyá mi. Ó pariwo, ó ń fi mí han àwọn oníbàárà: "Pírọ́ọ̀fù wa rèé! Òun ló kọ́ wa nígbà tí tíṣà já wa jù sílẹ̀." Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti rò ó títí. Ibo gan-an ni mo ti ṣì í lọ́jọ́ yẹn?"

 Mo wo aṣọ tó tò yí i ká, mo bi ara mi léèrè ohun tí yóò fi òtítọ́ ṣe báyìí. Mo ní, "Ìdánwò ọdún yẹn ló le."

Ó mi orí bí ẹni tó gbà, ó wọn aṣọ náà, ó fi díẹ̀ lé e kó tó gé e, ó ní ti tíṣà òun nìyẹn.

Físíìsì ni mo ń kọ́ni báyìí, ó sì yé mi dáadáa. Ohun tí kò yé mi ni bí èèyàn ṣe lè rí àṣìṣe ara rẹ̀ nínú ìwé ẹlòmíràn kó má lè pa á rẹ́. Tí mo bá ní ẹ̀rù ló pa ẹnu mi dé ní Àkúrẹ́, kí ló pa á dé nínú ṣọ́ọ̀bù? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ Alhaja bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ti àkọ́kọ́, mo fi òkè dá a lóhùn, mi ò mọ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo mọ̀.