Omi tí ìyá mi ń rù bọ̀

Ṣé irọ́ ni mo pa fún bàbá mi lónìí? Ìbéèrè yìí ò jẹ́ kí n sùn.

Láti ìgbà tí ìgbàgbé ti ń ṣe Bàbá ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi ní Ṣàgámù. Bí mo bá ti ń fọ abọ́, wọ́n á wá pa ẹ̀rọ omi. Lónìí, ó bí mi nínú.

"Bàbá, mi ò tíì fọ̀ ọ́ tán. Omi pọ̀ níbí."

"Ìyá rẹ ṣì ń gun òkè odò bọ̀. Ṣé o fẹ́ kó tún padà lọ ni?"

Ìyá mi ti kú. Nígbà tí a wà ní Ìlárá, kí n tó jí ni wọ́n ti máa ń ru omi odò dé.

Mo bu omi díẹ̀ sínú bàsíà, mo fi fọ gbogbo abọ́ tó kù. Ó tó.

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Bó bá dé, kí o sọ̀ ọ́ o. Ọrùn á ti máa dùn ún."

Mo ní, "Màá sọ̀ wọ́n, Bàbá."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ̀yin ì bá sọ?

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.