Ojú Olúdayọ̀ Lára Aṣọ Májìgí

Kò sí fọ́tò Olúdayọ̀ kankan nílé wọn ní Kinkinau, nílẹ̀ Hausa. Ẹni tó ti Kàbà wá gbẹ́rù ní gáréèjì Kawo, kí ló fẹ́ fi fọ́tò ṣe? Ọkùnrin gìrìwò ni. A máa gbé àpò ẹ̀wà kọ́rùn gun orí lọ́rì, a sì máa bú àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

Agbára yẹn ni àwọn òyìnbó kan rí. Wọ́n fẹ́ ya fíìmù bí èèyàn ṣe ń gun òkè àpáta kan tí àwọn ará ibẹ̀ pàápàá kì í gùn. Wọ́n ní kó bá àwọn gbé àpótí kámẹ́rà. Ó gbé e dé òkè. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó já bọ́, ó kú.

Matthias, àbúrò rẹ̀, ló lọ gbé òkú. Àwọn àgbà ní ìyá kì í rí òkú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti Àdùkẹ́, ìyá wọn, mọ́ iyàrá títí wọ́n fi sin ín. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ló ń bi Matthias: "Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?" Ojú tó rí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ fún ìyá.

Lọ́dún 1979, mọ́tò májìgí tí ìjọba fi ń gbé sinimá kiri gbé fíìmù náà wá sí pápá Kawo. Matthias wò ó lálẹ́ àkọ́kọ́; lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Fọlábí tó ń yí i.

"Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti bojú wẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ká lè fi rí nǹkan sọ fún Màmá. Kí wọ́n rí i bó ṣe wà láàyè."

"Májìgí kì í dúró. Iná inú ẹ̀ á jó fíìmù."

"Díẹ̀ ni. Dan Allah."

"O fi Hausa bẹ̀ mí, àwọn ọ̀gá mi á fi òyìnbó lé mi." Fọlábí mí kanlẹ̀. "Màá ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó tán."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Àdùkẹ́ jókòó síwájú láàárín àwọn dẹ́rẹ́bà. Àpáta hàn. Okùn. Ẹsẹ̀ òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni Olúdayọ̀, àpótí lórí, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Fọlábí dá a dúró.

Àdùkẹ́ dìde. "Olúdayọ̀," ó pè é jẹ́jẹ́.

Ibi àgbọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀, bíi àbààwọ́n tíì. Ó ràn, ó ń hó. Ó jẹ ẹnu, ó jẹ imú. Matthias ń ké sí Fọlábí kó yí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti há. Ojú náà jó tán, ó ku iná funfun.

"Ẹ dá owó wa padà," dẹ́rẹ́bà kan wí.

"Owó wo? Ṣebí ọ̀fẹ́ ni."

Fọlábí gé ibi tó jó, ó lẹ ìyókù pọ̀. Àwọn òyìnbó ti wà lórí òkè, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Olúdayọ̀ kò sí láàárín wọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Àdùkẹ́ kò tíì jókòó.

"Matthias, ṣé bó ṣe rí nìyẹn, nígbà tó o lọ gbé e?"

Matthias fẹ́ parọ́. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."