Orúkọ Méjì Lójú Pátákó

Bí òórùn bẹntiróòlù bá fẹ́ sí mi nímú báyìí, ọkọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìwọ náà tí o máa ń wá sílé wa á rántí ọkọ̀ ìjàpá ọkọ mi, èyí tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa n'Ìwó. Inú rẹ̀ ń rùn bí ilé epo, ìjókòó rẹ̀ sì ti ya. Ọkọ mi fúnra wọn ló kọ́ mi ní wíwà rẹ̀ ní pápá ilé ìwé, àmọ́ wọn ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rí. "Obìnrin wo ló ń wa ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ kiri ìgboro?" ni wọ́n máa ń wí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ àti ọmọ mẹ́rin kò jẹ́ kí n lókun àtijiyàn.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹni tó ṣe mọ́tò àkọ́kọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Mo kọ orúkọ òyìnbó Jámánì kan sójú pátákó, wọ́n sì ń pè é tẹ̀ lé mi. Ìwé tí mo yẹ̀ wò tún sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wa mọ́tò náà rìn jìnnà, láìsọ fún ọkọ, nígbà tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, píìnì fìlà rẹ̀ ló fi tọ ọ́. Ìyẹn kò sí nínú ìdánwò, mo bá fò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi wọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wọn lọ sí Ìbàdàn. Ọlọ́kadà kan ló já wọlé láti Olúpọ̀nnà, ó ní Màámi ò lè mí dáadáa mọ́. Ta ni yóò gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sórí ọ̀kadà? Mo wo kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Mo mú un.

Ọkọ̀ náà kú kí n tó dé Olúpọ̀nnà. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, mo yọ rọ́bà epo, ìdọ̀tí ti dí i pa. Ni mo bá rántí obìnrin Jámánì yẹn. Mo tú píìnì ìjáàbù mi, mo fi tọ ọ́ títí epo fi tú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, mo sunkún lójú títì.

Orí ẹní ni mo bá Màámi. "Ta ló gbé ọ wá?"

"Èmi ni mo wa ọkọ̀, Màámi."

"Ó dáa. Gbé mi dìde, ká máa lọ."

Dókítà n'Ìwó ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi dé ilé ìwòsàn. Èébú ni mò ń retí, àfi bí àwọn ẹbí mi ṣe yí wọn ká: "Àna wa, ẹ ṣé o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ lẹ gba ìyá wa là." Ọkọ mi wo ọwọ́ mi tó dúdú fún ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní, "Ojúṣe mi ni." Ó dùn mí dọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, orúkọ méjì ni mo kọ sójú pátákó: ti òyìnbó Jámánì náà àti ti ìyàwó rẹ̀. Méjì náà ni mò ń kọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ìdánwò ń bèèrè.

Màámi lo ọdún mélòó kan sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin ọkọ mi lójú Màámi, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ló wa ọkọ̀." Wọ́n ti lọ báyìí, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ.