Òkìrìkà Inú Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí bàbá mi fi ń gé aṣọ lọ, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àlùmọ́gàjí búra. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó ní "mo fi Ọlọ́run búra", kí ẹ tó dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ ti gbàgbé. Àwọn aránṣọ Ẹ̀jìgbò ìgbà náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bá le, alága á gbé àlùmọ́gàjí ńlá kan síwájú, oníkálukú á fi ahọ́n kan irin náà, ó parí. Ohun tí wọ́n bá ti búra lé lórí báyẹn, kò sí ẹni tó jẹ́ yẹ̀ ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà níwájú ilé wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsúndúnrin. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kì í ṣe pé bàbá mi ya ọ̀lẹ o. Òkìrìkà ló dé, aṣọ tí àwọn òyìnbó ti wọ̀ kù, tí wọ́n dì ní bẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀lì, tó ń gba Kùtọnu wọlé. Àgbẹ̀ tó máa ń rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún Iléyá tàbí Kérésì, ó ti lè ṣa mẹ́ta lọ́jà láàárọ̀ kan ṣoṣo, kó sì wọ ọ̀kan nínú wọn relé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ti Àbíjàn dé ló wá ba nǹkan jẹ́, tàbí ló tún un ṣe, mi ò mọ èyí tí ǹ bá pè é. Ó gbé bẹ́ẹ̀lì kan sọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó fi Faransé kí ìyá mi, ó ní, "Sà-và, àbúrò mi, máa tà á." Ìyá mi tà á. Ó tà á débi pé ẹran padà sínú ọbẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa rí létí àwọn èèyàn: ìyàwó aránṣọ ń ta òkìrìkà! Ẹlòmíràn á kọjá níwájú ilé wa, á tutọ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Wọ́n fi ahọ́n kan irin pé ọwọ́ aránṣọ kankan kò gbọdọ̀ kan òkìrìkà mọ́, ì báà ṣe láti tún un rán, ì báà ṣe láti gbé e kúrò lọ́nà. Bàbá mi náà fi ahọ́n kàn án. Alága wá sọ fún un pé kí òkìrìkà kúrò nílé rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn máa wá sun ún. Alága yìí kì í ṣe àjèjì o. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti bàbá mi ti kọ́ṣẹ́, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í yà kí bàbá mi kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Bàbá mi jíṣẹ́ náà fún ìyá mi. Ìyá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ká aṣọ. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù." Bàbá mi padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò lè na ìyàwó rẹ̀, kò sì lè da irin. Mo máa ń rí i tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò sí nǹkan kan tó ń wá.

Nígbà yẹn gan-an, ẹgbẹ́ rí iṣẹ́ ńlá kan gbà, aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ wọlé fún sáà tuntun. Gbogbo wọn pín in rán. Nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣe ihò bọ́tìnì bíi bàbá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ wá parí sí. Ibo ni kó kó o sí? Àwọn àpò bẹ́ẹ̀lì tí ìyá mi ti tú sófo wà nílẹ̀, wọ́n le, ekuru kì í wọ inú wọn. Ó kó aṣọ ilé-ìwé sínú wọn, ó rán ẹnu wọn pa. Ó ní irin kò sọ̀rọ̀ àpò, aṣọ ló sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni wọ́n dé. Igi wà lọ́wọ́ wọn, kùmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ẹnìkan gbé agolo kẹrosíìnì dání. Wọ́n rí àpò bẹ́ẹ̀lì nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú wọn sì pọ́n. Bàbá mi na ọwọ́ méjèèjì, ó dí ọ̀nà.

"Alága, ẹ dákun, ẹ tú u wò! Iṣẹ́ yín ni ẹ fẹ́ sun yìí!"

Alága ní, "O fẹ́ ká fọwọ́ kan òkìrìkà, kí irin bá wa jà? O ti da ẹgbẹ́, o tún fẹ́ pa wá!"

Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀kan ṣoṣo kò gbà láti tú àpò wò. Igi ni wọ́n fi ń yí àwọn àpò náà jáde, kí ọwọ́ wọn má baà kàn án. Èèyàn méjì ti bàbá mi mọ́ ògiri. Ìyá mi sáré jáde láti inú ilé, ẹnìkan sì gbá a létí, ó ṣubú lu ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu rẹ̀ bẹ́jẹ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n ń hó yèè.

Iná jẹ àpò là. Aṣọ búlúù tú jáde. Ọ̀kan nínú wọn rí ṣẹ́ẹ̀tì kan tó yí sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ ojú ìránṣọ ara rẹ̀ níbi kọ́là, ó figbe ta. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán fa aṣọ nínú iná, tí ara wọn ń bó, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bí ẹ bá rò pé alága bẹ̀bẹ̀, ẹ jókòó síbẹ̀. Ìtìjú náà le ju ohun tó lè gbé lọ. Ó kígbe pé bàbá mi ló dẹ pàkúté fún àwọn, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú tó ń gbóná lórí tábìlì, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí orí bàbá mi. Bàbá mi fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Mo gbọ́ ìró egungun. Ọmọrí áyọ́ọ̀nù ṣí, ẹ̀yinná dà sí ọwọ́ náà. Òórùn awọ tó ń jó yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín gbọ́ ọ láéláé.

Ìyá mi dìde. Ó fa igi tí a fi ń dábùú ilẹ̀kùn yọ, ó fọ́ ọ mọ́ alága níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lójú. Wọ́n da igi bò ó. Èmi náà wọ́ láti abẹ́ tábìlì dé ẹsẹ̀ alága, mo gé e jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀, mi ò sì tú ẹnu títí ẹnìkan fi tapá sí mi tí mo bọ́ sínú gọ́tà. Àwọn tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ ló là wá, àti pásítọ̀ ìjọ wa tó sáré dé láìwọ bàtà. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa ìyá mi.

Egungun jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka bàbá mi ká kò mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Kò di àlùmọ́gàjí mú mọ́ títí ó fi kú. Òkìrìkà tòótọ́, tó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi lọ́jọ́ náà, òun ló bọ́ wa.

Mo ti di ọmọge nígbà tí alága dúró níwájú àtẹ ìyá mi. Àpá wà níwájú orí rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ náà ti ya délẹ̀. Iṣẹ́ ti gbẹ lọ́dọ̀ òun náà. Ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi ń wá omi ìdọ̀tí tí màá dà lé e lórí. Bàbá mi ló jáde. Ó fi ọwọ́ òsì yí inú ṣẹ́ẹ̀tì kan síta, ó fa ojú rírán rẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èyí á ya lábíyá. Ẹ mú tibí yìí."

Alága kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi. Ọmọ náà ló gba aṣọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bínú sí bàbá mi, mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ìhòòhò ọmọ rẹ̀ ò lè wo ọwọ́ mi sàn."

Ayé ti yí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ tí bàbá mi ń gé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ti ilẹ̀kùn. Aṣọ tuntun tí wọ́n ti rán tán ń ti òkè òkun wọlé nínú ọ̀rá, owó rẹ̀ kò tó owó iṣẹ́ aránṣọ. Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ aránṣọ lónìí, Àbíjàn ló ń wò. Kò sí ẹni tó ń gbé kùmọ̀ lọ bá ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn ọmọ mi sì ń pè é ní àlàáfíà. Bóyá ni. Lójú tèmi, kò sí nǹkan tó kù láti jà lé lórí ni.

Nígbà tí alága kú, bàbá mi lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Èmi ò lọ. Wọ́n ní kí àgbà má di kùnrùngbùn, mo gbọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Àwọn tó ń di òkìrìkà ránṣẹ́ sí wa kò mọ orúkọ ìlú wa títí di òní. Ẹni tó ń kí bàbá mi láràárọ̀ ló fọ́ ọwọ́ rẹ̀.