Àyè Wà Níbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bàbá Àyè-Wà jẹ́, kí ó kọ́kọ́ gbójú sókè wo òrùlé ilé rẹ̀. Irin ni ó yọrí jáde lórí ògiri yíká, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà, ó ń nàka sí ojú ọ̀run bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run jà. Nínú ilé, àtẹ̀gùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná tí kò já síbì kankan. Ẹni tó bá gùn ún dópin, orí rẹ̀ á kan páànù. Láti ọjọ́ tó ti kọ́ ilé náà ló ti ń sọ pé òun máa sọ ọ́ di pètẹ́ẹ̀sì. "Àyè wà níbẹ̀," ni ó máa ń wí, "ọjọ́ iwájú ni mò ń wò." Ọjọ́ iwájú ọ̀hún dé, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, kò tilẹ̀ yà kí i. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Àyè-Wà nìyẹn, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, bàtà tí bàbá ń rà fún un, ẹsẹ̀ ọmọ mìíràn lè bá a wọ̀ ọ́ pọ̀. Wọ́n á ki àkísà sí i níwájú kí ó má bàa bọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló ń rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà, ṣùgbọ́n bàbá ló ń dúró tì í pé kí ó ṣẹ́ etí aṣọ po lẹ́ẹ̀mẹta, kí àyè lè wà. Ọmọ ń wọ́ bàtà nílẹ̀ gbàràgbàrà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Bàtà-Ń-Bọ̀, nítorí pé ìró bàtà ló ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì kí òun alára tó wọlé. Kò sunkún rí. Ó kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ni.

Iṣẹ́ bàbá ni kí ó máa to fíìmù ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Àwọn ayàwòrán á gbé ohun tí wọ́n yà wá, òun á gé e, á so ó pọ̀, á fi orin sí i. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n ń pe ohun tó fi ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ ní alágbèéká kò tíì gbé e rí. Ó ki bí odidi búrẹ́dì. Bí fáànù inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n ń lọ ata ní yàrá kejì. Ó ní ihò wáyà lọ́tùn-ún, ó ní lósì, ó tún ní lẹ́yìn. Nínú ikùn rẹ̀, ojú ibi méjì ṣófo tí ènìyàn lè fi ìrántí, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó ń mú un yára, kún, ibòmíràn sì tún wà tó lè gba dísìkì tuntun. Wọ́n ti ṣófo láti ọjọ́ tó ti rà á. Lọ́dọọdún, ọkùnrin yìí á tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, á wo àwọn ibi òfìfo wọ̀nyẹn títí, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò nínú wọn, á sì tún dè é padà. Ara rẹ̀ á wá balẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ayàwòrán kan wà ládùúgbò tó lọ ra ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tín-ín-rín tí wọ́n ń gbé kiri bí ìwé ìkíni. Ó ń fi ìka méjì gbé e kọjá níwájú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ tó gbé odidi fíìmù ìgbéyàwó lé e lórí, nǹkan náà gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ó sì pariwo pé òun ti yó, kò sí àyè mọ́. Ayàwòrán lọ ra dísìkì tí wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ra ohun tí yóò sọ ihò kan di mẹ́rin, ó ra wáyà lórí wáyà, títí àpò wáyà fi wúwo ju kọ̀ǹpútà lọ. Nígbẹ̀yìn, ó wá bẹ Bàbá Àyè-Wà. Bàbá bá a parí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bú u tẹ́rùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra àwo ìgbóúnjẹ," ni ó wí, "ẹ ṣáà máa fi gbé oúnjẹ."

Ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe èyí tó ń jókòó sí ọsibítù. Ilé àwọn arúgbó tí kò lè dìde ló ń lọ, láti ilé dé ilé, láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn. Á wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, á wẹ egbò wọn, á tẹ ohun tó bá rí sínú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tó fi wá bá bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ bá mi wá kọ̀ǹpútà kan. Èyí tó fúyẹ́ ni o. Ọ̀rọ̀ lásán ni mo fẹ́ máa tẹ̀ sí i."

"Fúyẹ́?" Ó tún un sọ bí ẹni tó fẹ́ tutọ́. "Ìyàngbò náà fúyẹ́. Ìwọ ti rí ẹni tó fi ìyàngbò kọ́lé rí? Bó o bá wá fẹ́ ṣe fíìmù lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?"

"Dádì, egbò ni mò ń wẹ̀."

Ta ni ó gbọ́? Ó jáde lọ, ó sì gbé kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ wálé. Ṣájà nìkan tó bíríkì. Ó ṣí ìdí rẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ń fi ìka tọ́ka àwọn ibi òfìfo inú rẹ̀ fún un bí ẹni tó ń fi yàrá han ayálégbé. Ọmọ dúpẹ́, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì dákẹ́ bó ṣe mọ ọ́n ṣe.

Gbogbo Sátidé ni ọmọ yìí máa ń wálé tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí géètì bá dún ló ń na ọrùn. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé.

"Ọmọ yìí ò wá mọ́."

Ìyá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà lẹ lé e. Èjìká ọ̀tún ẹ̀ ti wú. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo mọ́. Ẹrù yín nìyẹn lábẹ́ tábìlì mi, ó ti gbé e padà. Ó ti lọ ra tín-ín-rín. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i, kẹ́ ẹ tún máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ti kó àjákù aṣọ lé e lórí. Ó dùn ún dé egungun. Yàrá mẹ́ta ló ṣófo nínú ilé tó kọ́ fún ọjọ́ iwájú, ọmọ kan ṣoṣo tó yẹ kí ó máa wá sùn níbẹ̀ sì ti ń sá fún un nítorí ohun tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́.

"Pè é kó wá," ni ó wí. "Mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Ẹ búra."

"Mo ní mi ò ní sọ nǹkan kan!"

"Ẹ gbọ́ o," ni ìyá wí, ó sì gbójú sókè wàyí. "Bẹ́ ẹ bá tún ba èyí jẹ́, kò ní padà wá mọ́. Mo mọ ọmọ mi."

Ní Sátidé, ọmọ dé pẹ̀lú tín-ín-rín rẹ̀ nínú àpò ọwọ́. Ó gbé e sórí tábìlì yàrá ìgbàlejò, ó sì wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá wo ohun náà. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ. Ihò kan péré ló ní, ìyẹn náà kò sì ju ojú kòkòrò lọ. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun bàbá, ó gbé e mì. Wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ tilẹ̀ ní bóyá òun á sùn títí di Mọ́ńdè. Inú bàbá dùn débi pé ó bá wọn palẹ̀ abọ́ mọ́, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Ìyá àti ọmọ wá jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti wọn aṣọ, ó sì ku òun àti ohun náà.

Kò sọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Ẹnu ló ṣèlérí, ọwọ́ kò ṣèlérí. Kì í sì í ṣe ibi ló rò. Ohun tó rò ni pé bí òun bá lè rí ojú ibi òfìfo kan péré nínú rẹ̀, òun á fi ìrántí kún un ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ á ṣí i ní Mọ́ńdè, á sì rí i pé ó ń sáré. Á mọ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn òun. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó yí i dojú bolẹ̀, ó wá nọ́ọ̀tì tí òun máa tú, kò rí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ yíká. Ẹni tó lọ́gbọ́n lórí á dá a padà síbi tó wà. Ọ̀bẹ ìdáná ni Bàbá Àyè-Wà lọ mú wá.

Ó ki ẹnu ọ̀bẹ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rọra ṣí i, ó ń rọra ṣí i. Nǹkan kan sọ pé kẹ̀ù. Kò dá a dúró, ìdí kọ̀ǹpútà ti ń ṣí bọ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ohun gbogbo ti lẹ̀ mọ́ra: bátìrì, ìrántí, ibi ìpamọ́, kò sí èyí tó ṣeé yọ, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ẹyọ àgbàdo kan há. Inú ọkùnrin yìí sì dùn! Ẹ wo irú ènìyàn. Ó ti ba nǹkan onínǹkan jẹ́, ó lu tábìlì gbàmù, ó kígbe pé:

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Mo ti wí bẹ́ẹ̀! Kò sí àyè níbẹ̀!"

Ìgbà tó yíjú, ọmọ rẹ̀ ló rí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ rìn wá, ó yí kọ̀ǹpútà náà padà. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti là láti igun dé igun. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún un tẹ̀. Kò tàn.

"Ẹ ti rí i báyìí, Dádì," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Kò sáyè."

Ó mú àpò ọwọ́ rẹ̀. Kò bínú sókè, kò sunkún, ìyẹn ló sì ba bàbá lẹ́rù jù. Ìyá ló dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó bi í pé kí ni yóò lò ní Mọ́ńdè, ọmọ ní òun ò mọ̀. Ìyá wá kọjú sí ọkọ rẹ̀ tí ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibi tó wúwo lolóhun ń gbé," ni ó wí. "Ọmọ yìí ò bẹ̀ yín pẹ́ ẹ ra ẹrù ràgàjì fún òun. Ẹ̀yin lẹ yàn án, tiyín ni. Mọ́ńdè, ẹ gbé e tẹ̀ lé e."

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Bàbá ní òun á gbé e.

Ní Mọ́ńdè, ó kọ́ ẹrù náà sí èjìká ọ̀tún, ó ń tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Ní ilé àkọ́kọ́, ó ṣì láyà láti sọ fún aláìsàn pé kọ̀ǹpútà yìí, bí ènìyàn bá ní kí ó to fíìmù, á tò ó. Ní ilé kejì, fáànù rẹ̀ ké, bàbá arúgbó kan ta jí lójú oorun, ó ní kí wọ́n sáré ṣa aṣọ, òjò ń bọ̀. Bátìrì kú kí wọ́n tó kọ ìlà mẹ́ta, Bàbá Àyè-Wà sì ń fi orúnkún rìn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kiri, ó ń wá ibi tí yóò ki ṣájà bọ̀. Ilé kẹta wà lókè téńté pètẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró gangan. Ní ìdajì ọ̀nà, ó di ọwọ́ ìdìmú mú. Okùn àpò ti bọ́ sínú ẹran èjìká rẹ̀, ní ojú ibi tí ti ọmọ rẹ̀ ti wú gan-an. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ náà tó ń gòkè lọ níwájú, ó rántí pé òun rí i tó fi èjìká kan rọ̀ wálé ní ọ̀pọ̀ Sátidé, ohun tí òun sì ń bi í ni pé ṣé ó ti fi ìrántí kún un. Ojú tì í gidigidi.

Ìyá àgbà kan ló wà nínú yàrá náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ elégbò rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì mi, ta lẹ mú wá yìí?"

Bàbá gbójú sókè. Ó ń retí kí ọmọ ní bàbá òun ni.

"Ẹni tó ń bá mi gbẹ́rù ni, Màmá."

Àánú ṣe ìyá àgbà. Ó fi ọwọ́ ti ìrọ̀rí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sún díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá ẹlẹ́rù. Ẹ wá jókòó. Àyè wà níbẹ̀."

Kí ó tó gbé ẹsẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró, Màmá," ni ó wí, kò wo ẹ̀yìn. "Ilé méjì ṣì kù. Bí wọ́n bá jókòó, wọn ò ní lè dìde."

Bàbá Àyè-Wà gbé ẹrù náà bọ́ sí èjìká kejì.